Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Wa

 Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òní, iléèwé wà ní títì, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ wa ti gbálẹ̀, ẹ ti pọnmi, ẹ ti wá jókòó ti rédíò.  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ọmọdé, ó kan àgbà, nítorí orí ohun kan náà ni gbogbo wa dúró lé.

Ẹ wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí ẹnì kan bá mú ọkọ́ àti dígà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tí kò dúró, kí ni yóò bá pàdé? Àwọn tó ń gbẹ́ kànga mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn náà. Wọ́n á ní ilẹ̀ dúdú ló ṣáájú, ilẹ̀ pupa tàbí amọ̀ tẹ̀ lé e, yangí lè wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi, tó bá sì yá, wọ́n á kan òkúta tí dígà kò ràn mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dúró. Lábẹ́ òkúta yẹn ńkọ́? Lábẹ́ ohun tó tún wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn: bí inú ayé tí à ń gbé yìí ṣe rí, àti bí ọmọ ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tí kò sí ẹni tó débẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ayé rí roboto, ó kàn fẹ̀ díẹ̀ sí i ní agbede-méjì ni. Láti ojú ilẹ̀ títí dé àárín gbùngbùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,371. Ọkọ̀ òfurufú tó gbéra ní Èkó, tó forí lé Lọ́ńdọ̀nù, máa ń fò fún wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì sì jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,000. Ẹ ò rí i pé àárín ayé jìnnà sí wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Àwọn ènìyàn ti gbìyànjú láti lọ síbẹ̀. Lọ́dún 1970, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò kan sínú ilẹ̀ ní Kola, ní ìkangun àríwá Rọ́ṣíà, nítòsí ààlà Norway. Wọn kò wá epo rọ̀bì, wọn kò wá wúrà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ni. Ẹnu ihò náà kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ. Nígbà tó fi máa di 1989, ó ti jìn tó mítà 12,262. Ẹ̀yin ọmọ Èkó mọ afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11.8. Ihò Kola fi díẹ̀ gùn jù ú lọ. Ooru tí wọ́n bá nísàlẹ̀ ibẹ̀ sì ju èyí tí wọ́n ti ṣírò lọ dáadáa: ó tó ìwọ̀n 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 100 ni omi ń hó. Ooru yẹn sọ òkúta ibẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ kò rí lù mọ́, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ẹ gbé e wò báyìí: nínú ìrìn-àjò tó ju ti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ, ibi tí agbára ẹ̀rọ ènìyàn tíì dé kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí afárá Third Mainland lọ.

Báwo wá ni ìwé sáyẹ́ǹsì yín ṣe lè sọ ohun tó wà ní ìyókù ọ̀nà? Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ èmi tí mo ń fi ohùn ṣiṣẹ́ lórí rédíò. Wọ́n fetí sí i ni.

Ẹ dán èyí wò nísinsìnyí. Kí ọ̀kan nínú yín gbé etí lé tábìlì onígi ní apá kan, kí èkejì fi orí ìka kan ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní apá kejì. Ó gbọ́ ọ, àbí? Ohùn náà la inú igi kọjá, ó dé etí rẹ̀ ketekete. Bó bá jẹ́ irin, tàbí omi, tàbí òkúta ló wà láàárín yín, ohùn á là á kọjá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n eré tó máa sá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí ohùn gbéra àti ìgbà tó dé lè fi mọ irú ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ di kókó yẹn mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ dúró lé.

Ilẹ̀ máa ń mì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1939, ó mì ní Accra, ilé wó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, àwọn ará Mpape ní Àbújá sáré jáde nínú ilé nígbà tí wọ́n rí i pé ilẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ilẹ̀ Turkey àti Síríà, ní oṣù kejì ọdún 2023, ìmìtìtì ilẹ̀ pa ènìyàn tó ju 50,000 lọ. Ohun ìbànújẹ́ ńlá ni. Àmọ́ nígbàkigbà tí ilẹ̀ bá mì gidi, ìgbì máa ń gbéra láti ibẹ̀, bí ohùn inú tábìlì yẹn, á gba inú ayé, á sì yọ láwọn ibi tó jìnnà réré, níbi tí àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa gba mímì ilẹ̀ sílẹ̀ lọ. Oríṣi ìgbì méjì ló ṣe pàtàkì fún wa. Ọ̀kan yára, ó ń la ohun líle kọjá, ó sì ń la ohun ṣíṣàn kọjá. Èkejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú ohun líle nìkan ló lè gbà. Tó bá kan ohun ṣíṣàn, ibẹ̀ ló parí sí.

Lọ́dún 1909, ilẹ̀ mì ní Croatia. Andrija Mohorovičić, onímọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Zagreb, gbé àwọn ìwé tí ẹ̀rọ kọ mímì náà sí kalẹ̀, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Ó rí i pé àwọn ìgbì tó gba ìsàlẹ̀ sáré ju àwọn tó gba òkè lọ. Ó mọ̀ pé irú òkúta kan ló tán níbẹ̀, tí irú mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe mọ ibi tí èèpo ayé parí sí nìyẹn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún hàn pé ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn kì í yọ ní òdìkejì ayé rárá. A jẹ́ pé ohun ṣíṣàn kan wà láàárín tó ń dá a dúró.

Ohun tí wọ́n wá gbà ni pé ohun ṣíṣàn yẹn ló kún ibẹ̀ títí dé àárín gbùngbùn. Obìnrin kan ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Inge Lehmann lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tí wọ́n bí ní 1888. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ fetí sí èyí. Iléèwé tó lọ nígbà tó wà ní kékeré kì í sọ pé iṣẹ́ kan wà fún ọkùnrin, òmíràn wà fún obìnrin. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo wọn. Lọ́dún 1929, ilẹ̀ mì ní New Zealand, tó jìnnà sí Yúróòpù bí ibi kan ṣe lè jìnnà sí òmíràn tó láyé yìí. Nígbà tí ìgbì rẹ̀ dé àwọn ẹ̀rọ, àwọn kan yọ níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti yọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ́ Lehmann lọ́rùn. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Ó gé páálí sí kéékèèké, ó kọ ibi tí ilẹ̀ ti mì àti àkókò tí ìgbì yọ sí wọn lára, ó kó wọn sínú àwọn páálí tí wọ́n ti jẹ ọ́ọ̀tì inú rẹ̀ tán, ó ń tò wọ́n lórí tábìlì nínú ọgbà ilé rẹ̀. Lọ́dún 1936, ó tẹ èsì rẹ̀ jáde: nínú ohun ṣíṣàn náà lọ́hùn-ún, ohun líle kan wà, àwọn ìgbì ń kọ lù ú, ó sì ń dá wọn padà. Kò gbẹ́ ilẹ̀ kankan kó tó mọ̀ ọ́n. Ọdún 104 ló lò láyé, kó tó kú lọ́dún 1993, ìwé gbogbo iléèwé ti gba ohun tó sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá to inú ayé náà báyìí. Ẹ ronú kan máńgòrò. Ó ní èèpo tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ara tó pọ̀ tí à ń jẹ. Ó ní kóró líle. Bí ẹ bá sì la kóró yẹn, ẹ ó tún bá ọmọ nínú rẹ̀. Mẹ́rin ni. Mẹ́rin náà ni ìpele inú ayé: èèpo, ìpele tí wọ́n ń pè ní mantle, kóró òde, àti kóró inú.

Èèpo ló wà lókè pátápátá. Lábẹ́ òkun, kìlómítà márùn-ún sí mẹ́wàá péré ló nípọn. Lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, ó máa ń tó kìlómítà 30 sí 50. Lábẹ́ àwọn òkè Himalaya ní Éṣíà, ó lè tó 70. Gbogbo ohun tí ojú wa ń rí, orí èèpo yìí ló wà: òkè Everest tó ga ní mítà 8,849, kòtò òkun Pàsífíìkì tó jìn ní nǹkan bíi kìlómítà 11, aṣálẹ̀ Sàhárà, odò Ọya, ìlú Ìbàdàn. Bí ẹ bá pín ojú ayé sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, òkun ló bo nǹkan bíi 71 nínú rẹ̀.

Mantle ló tẹ̀ lé èèpo, òun ló sì tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó nípọn tó kìlómítà 2,900. Ọ̀pọ̀ àgbà gan-an ló rò pé iná tó ń ṣàn bí omi ló wà níbẹ̀. Rárá o. Òkúta ni. Ó gbóná gan-an ni, tó fi jẹ́ pé bó tilẹ̀ le, ó ń rọra yí, ó ń rọra wọ́, láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ní àwọn ibì kan nítòsí òkè rẹ̀ ni díẹ̀ nínú òkúta náà ti ń yọ́. Bí èyí tó yọ́ yẹn bá rí ojú ihò gbà jáde, òkè ayọnáyèéfín la rí yẹn. Òkè Cameroon, tó ga ju mítà 4,000 lọ, kò jìnnà sí ààlà wa ní Cross River. Ó yọ iná lọ́dún 1999, ó sì tún yọ ọ́ ní 2000.

Lábẹ́ mantle ni kóró òde wà. Irin ni, pẹ̀lú níkẹ̀lì díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ti yọ́ tó ń ṣàn. Ó nípọn tó kìlómítà 2,200. Òun ni ohun ṣíṣàn tí ìgbì kejì kò lè là kọjá. Irin yíyọ́ yìí kò dúró sójú kan. Bó ṣe ń yí kiri ló ń sọ ayé wa di òòfà ńlá. Bí fóònù bàbá tàbí ìyá yín bá ní kọ́ńpáàsì nínú, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín. Ẹ yí fóònù náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ ó rí i pé àríwá ló ń tọ́ka sí. Agbára tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu wá láti inú irin tó ń ṣàn ní kìlómítà bíi 3,000 nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín. Agbára òòfà yìí kan náà ló ń darí púpọ̀ nínú àwọn èérún aléwu tí oòrùn ń fọ́n wá sọ́dọ̀ wa gba ibòmíràn lọ. Ààbò ni fún ẹ̀mí gbogbo ohun tó wà láyé.

Kóró inú ló kẹ́yìn, èyí tí Lehmann rí. Láti àárín gbùngbùn rẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1,220. Ooru ibẹ̀ ju ìwọ̀n Celsius 5,000 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ojú oòrùn dọ́gba. Ọmọ kan lè béèrè pé, kí ló dé tí irin ibẹ̀ kò fi yọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Gbogbo ìwúwo ayé ló tẹ̀ ẹ́ láti ìhà gbogbo. Ó fún un mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò ráyè yọ́ bó ti wù kó gbóná tó.

Níbo ni ooru náà ti wá? Apá kan rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti kó ara jọ, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Apá kejì ń wá láti ara àwọn èròjà bíi uranium, tó ń tú ooru jáde nínú òkúta títí di òní. Ẹ kò sì ní láti jìnnà kí ẹ tó rí àmì rẹ̀. Ní Ìkògòsì-Èkìtì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Òjò ló wọ inú òkúta lọ láti ojú àwọn ibi tó sán. Ó dé ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, ó sì padà wá sókè. Bí a bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan nínú èèpo ayé, ooru máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 25 sí 30 lé sí i. Ní ilẹ̀ South Africa, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin nísàlẹ̀, yìnyín ni wọ́n ń rọ́ sísàlẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí ibẹ̀ dúró.

Ó ku ohun kan tó wù mí kí ẹ mọ̀. Àwa kò lè lọ sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti gòkè wá bá wa. Ẹ̀yin ọmọ Abẹ́òkúta tí ẹ ń gun Olúmọ, ẹ̀yin ọmọ Ìdànrè tí òkè yí ilé yín ká, orí ohun tó ti wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ rí lẹ ń rìn. Òkúta yíyọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tó gòkè díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí kò rí ojú ilẹ̀ dé, tó tutù síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé kò yára tutù, àwọn horo inú rẹ̀ ráyè dàgbà, ojú lásán sì lè rí wọn. Lẹ́yìn náà, òjò ń rọ̀, oòrùn ń ràn, odò ń gbé erùpẹ̀ lọ, títí gbogbo ohun tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ fi ṣí kúrò. Òkúta wọ̀nyí ti wà kí dáínósọ̀ kankan tó rìn lórí ilẹ̀.

Wọ́n ti wà pẹ̀lú nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ ilẹ̀ kan. Èèpo ayé kò wà lódindi. Ó pín sí abala ńláńlá, àwọn abala yìí sì ń rìn. Ọmọ Jámánì kan, Alfred Wegener, sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 1912 pé àwọn ilẹ̀ ńlá ti wà papọ̀ rí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà á gbọ́. Ó kú ní Greenland lọ́dún 1930 láìrí ìdáláre. Lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti Bràsíìlì lọ wo ọjọ́ orí àwọn òkúta. Wọ́n mọ̀ pé nítòsí Accra, ààlà kan wà láàárín òkúta tó ti tó bílíọ̀nù ọdún méjì àti òkúta tó kéré sí i, irú èyí tó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwa. Bí ilẹ̀ méjèèjì bá ti so pọ̀ rí lóòótọ́, ó yẹ kí ààlà yẹn tún yọ ní São Luís, ní etíkun Bràsíìlì. Wọ́n wá a débẹ̀, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Òkun tó wà láàárín wọn báyìí, tó gbé àwọn babańlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ó ṣí ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì ń fẹ̀ sí i ní sẹ̀ǹtímítà bíi mẹ́ta lọ́dọọdún. Ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́wàá lónìí, òkun náà ti fẹ̀ tó gígùn rúlà iléèwé kan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Iṣẹ́ tí mo fún yín rèé. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ládùúgbò, ẹ tọrọ ẹyọ gírénáìtì kan, irú òkúta Olúmọ àti Ìdànrè yẹn, lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ sì wá ohun mẹ́ta lára rẹ̀: horo tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, èyí tó mọ́ bí awò, àti èyí tó ń kọ mànà tó sì ṣeé fi èékánná ṣí ní ìpele-ìpele. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì mú un dé iléèwé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá gbé òkúta wọ kíláàsì, ẹ má ṣe ní kó lọ sọ ọ́ nù. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ìbéèrè bá pọ̀ lẹ́nu wọn lónìí, ẹ gbà wọ́n láyè, kódà bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn.

Mo ní ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ibùdó ìjọba kan wà níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fetí sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí Mpape mì, irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú yíjú sí láti béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé yóò tún mì. Wọn kò pọ̀ tó. Orílẹ̀-èdè yìí nílò ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè yẹn ní ogún ọdún sí i, ẹni tí kò ní fojú fo àmì kékeré, tó máa kọ ọ́ sílẹ̀, tó máa tún un wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa gbọ́ mi báyìí, kó má sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ọmọ mi, bó bá jẹ́ ìwọ ni, bẹ̀rẹ̀ lónìí.